Orúkọ Bàrákàt Kò Sí Níbẹ̀

Ìṣẹ̀rí-Olófin, Èkó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, 2025.

Dámiláre,

Mo kí ọ. O ti pè mí nígbà mẹ́fà láti àná, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti gbé e ni. Ara mi le. Orúnkún mi kò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ló ń bí mi. Ohun tí a bá sì jọ sọ lórí fóònù, tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, wàá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lo ṣe sọ ọ́. Torí náà inú ìwé la ti máa sọ èyí. Èmi fúnra mi ni mo jókòó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ìka kan, ìka kan. Ìwọ náà kọ tìrẹ ránṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Bàrákàt lọ ṣe íńtáfíù ní ilé ìwádìí kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n fẹ́ mú ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, kí wọ́n fi odidi ọdún kan kọ́ iṣẹ́ ìwádìí lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni mo bá a ka fọ́ọ̀mù rẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti ṣe ìwádìí lórí tanwíjí ní Ìjẹ̀gùn lọ́dún 2023, àti pé òun lòun kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé àwọn tanwíjí tó ń gbé inú omi tí ọ́ìlì mọ́tò ń dà sí, oògùn ẹ̀fọn kì í tètè pa wọ́n. Òótọ́ ni. Èmi pẹ̀lú ẹ, a jọ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ ti ka ìwé ìwádìí rẹ. Ó ṣí i sórí fóònù, ó yí ojú fóònù náà sí ọmọ yẹn, ó ní, "Fi orúkọ rẹ hàn mí níbí." Ọmọ náà wá a. Ó wá a títí dé ìsàlẹ̀. Ni wọ́n bá ní kó máa lọ, pé àwọn ò gba ẹni tó ń fi iṣẹ́ oníṣẹ́ wá ipò. Ìwọ ni "oníṣẹ́" tí wọ́n ń wí yẹn, Dámiláre.

Kì í ṣe ẹnu Bàrákàt ni mo ti gbọ́. Bàbá rẹ̀ ló wá bá mi láàárọ̀ Sátidé, Abdulsobur wẹ́dà, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ṣe irin ojú fèrèsé wa. Mo gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ní, "Màmá Dámiláre, ẹ̀yin lẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòtún. Ẹ ní kí n yọ̀ǹda ọmọ yìí nígbà họlidé, kó má bá ìyá ẹ̀ jókòó sọ́jà, pé ìwádìí ló fẹ́ ṣe. Mo yọ̀ǹda ẹ̀. Àṣé ọmọ-ọ̀dọ̀ lẹ̀ ń wá." Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní báyọ́lọ́jì. Òbí kankan ò bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ránṣẹ́ pe Olútóyìn, ọ̀rẹ́ Bàrákàt tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí náà, pé kó wá bá mi ṣí ìwé ìwádìí náà. Ní oṣù Kìíní tí o sọ fún mi pé ó ti jáde, mo bọ́ síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúpẹ́. Mi ò tíì kà á nígbà yẹn. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: tìrẹ, ti ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ, àti ti àwọn méjì kan tí ẹsẹ̀ wọn ò kan ẹrẹ̀ Ìjẹ̀gùn rí. Ní ìparí pátápátá, ẹ kọ ọ́ pé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn olùrànlọ́wọ́ àdúgbò." Olútóyìn kà á síta. Ó ní, "Mọ́mì, àwa nìyẹn."

Ìwọ lo bẹ̀ mí pé kí n bá ẹ wá àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, pé o fẹ́ tọ́ wọn sọ́nà kí wọ́n má bàa jẹ irú ìyà tí o jẹ. Èmi ni mo kó àpótí aṣọ mi kúrò ní yàrá ẹ̀yìn kí wọ́n lè rí ibi to ife tanwíjí wọn sí. Wàyí o, ta ló yọ orúkọ wọn?

Mò ń retí lẹ́tà. Má pè mí.

Ìyá rẹ,
Cecilia Àjíṣafẹ́.


Glasgow.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí. Ṣé ẹ ṣì ń fi ìpara yẹn pa orúnkún yín? Òjò la ń bá fà á níbí, kò dá láti ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ tí ẹ fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ gan-an ni mo rí i. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, mo sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ èsì, tí mò ń pa á rẹ́. Ẹ kọ orúkọ yín lódindi sí ìparí rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ń kọ̀wé sí òbí ọmọ tó jalè. Ó dùn mí, Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìwé ìwádìí kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ ní kíláàsì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ń wọ ibẹ̀. Ẹni tó ro iṣẹ́ náà, tó ṣe ìṣirò rẹ̀, tó kọ ọ́, tó sì lè dúró gbèjà rẹ̀ lójú àwọn ọ̀mọ̀wé, òun la máa ń kọ. Àwọn ọmọ yẹn bu omi, wọ́n ka tanwíjí. Wọ́n ṣe é dáadáa, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọdún kejì ní yunifásítì ni wọ́n wà nígbà yẹn, ìṣirò tó wà nínú ìwé yẹn, wọn ò tíì kọ́ ọ rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ló ni láàbù, òun ló sì ní kí n yọ wọ́n. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n bá a jà, kó lé mi, kí n di ẹrù mi padà wá sí Ìṣẹ̀rí?

Gbogbo Sátidé ọdún méjì ni mo fi kọ́ wọn lórí fóònù. Mi ò gba nǹkan kan. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ka ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn ní ìbéèrè láìbẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó kọ́ èmi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ipò wọn, tíì ni ọ̀gá láàbù ní kí n máa sè nígbà tí àwọn ọkùnrin kíláàsì mi ń lo maikirosikóòpù. Mo sọ fún yín nígbà yẹn. Mo sunkún sí yín létí. Ẹ ní kí n fara dà á, kí n sáà gba ìwé ẹ̀rí mi. Ẹ ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni nítorí tèmi.

Kí ló dé tí Bàrákàt ò bi mí kó tó lọ kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí fọ́ọ̀mù? Ta ló ní kó máa sọ pé òun lòun kọ́kọ́ rí i? Mo lè kọ ìwé fún un pé ó bá wa ṣiṣẹ́ àti pé ó múra síṣẹ́. Ẹ ní kó fi orúkọ ibi tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ má bínú mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín,
Dámiláre.


Ìṣẹ̀rí-Olófin.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin, 2025.

Dámiláre,

O bi mí pé ta ló ní kó máa sọ pé òun lòun kọ́kọ́ rí i. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà nílẹ̀ níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, mo sì fẹ́ dà á kọ fún ọ, torí ó jọ pé o ti gbàgbé.

"Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ. Tanwíjí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ife kọ̀ọ̀kan, oògùn kan náà. Èyí tí a bù níbi tí omi ti mọ́: mọ́kànlélógún kú. Èyí tí a bù lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì: mẹ́fà péré ló kú. Ṣé ọ́ìlì ni? Láti ọ̀la, màá máa ya omi méjèèjì sọ́tọ̀. Mi ò tíì sọ fún Àǹtí."

Kò tíì sọ fún Àǹtí. Ìwọ ni Àǹtí.

Nígbà tó sọ fún ọ ní Sátidé, mo jókòó tì í. O ní ó ṣì í kà, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. O ní kò tíì dá ọ lójú, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ yẹn gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn lórí ọ̀nà burúkú yẹn, tó ń gbé ike omi há àárín ẹsẹ̀ bọ̀, tí omi kòtò ń ta sí híjáàbù rẹ̀. Ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni o wá pariwo lórí fóònù pé, "Bàrákàt! Ṣé o mọ ohun tí o rí yìí?" Ohùn rẹ ni. Etí mi ló gbọ́ ọ. Lónìí ó ti di ẹni tó bu omi.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yẹn ni ẹ fi ṣe àkọlé ìwé ìwádìí yín, Dámiláre. Àkọlé!

Ní ti tíì, òótọ́ lo sọ. Mo ní kí o fara dà á. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á fi máàkì jẹ ọ́ níyà, mo sì yan ohun tó rọ̀ mí lọ́rùn. Mo ṣe ohun tí kò dáa sí ọ, mo sì bẹ̀ ọ́. Ká ní o ti bi mí tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti bẹ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó mọ bó ṣe rí lára, ìwọ lo wá gbé kẹ́tù tíì lé ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Lọ́dún tó kọjá tí o ní o ti ń kọ ìwé náà, Olútóyìn bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé orúkọ wa máa wà níbẹ̀?" Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi mí. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Ṣé Dámiláre ló máa wá rẹ́ yín jẹ ni? Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ráyè gbọ́ tiẹ̀ jàre." Wọn ò béèrè mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi ni mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́ fún ọ.

Ìwé pé ó múra síṣẹ́ kọ́ la fẹ́. Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì kí oṣù yìí tó parí. Ó ti sọ fún Olútóyìn pé òun ò ṣe ẹ̀fọn mọ́, òun ò ṣe ìwádìí mọ́, èyíkéyìí tó bá ti rọrùn jù lòun máa mú kóun lè jáde kíá. Ọmọ tó máa ń bá tanwíjí sọ̀rọ̀ nínú ife! Kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde kí wọ́n tún un ṣe. Kọ̀wé sí àwọn tó pè é ní òpùrọ́. Bó bá di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí tí mi ò gbọ́, èmi fúnra mi á kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ, màá sì ya àwòrán ojú ewé yìí mọ́ ọn.

Ìyá rẹ.


Ìṣẹ̀rí-Olófin.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025.

Dámiláre,

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún rèé, o ò fèsì. Mo gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ pé o ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, torí náà kì í ṣe pé ara rẹ ò yá.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ. Ojú ìwé méjì ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dá ṣáká. Bàrákàt ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀túnla ló ń lọ.

Ìyá rẹ.


Glasgow.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá mi,

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ka èyí tán. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ fi ránṣẹ́, mi ò ní bẹ̀ yín mọ́.

Irọ́ ni mo pa fún yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní kí n yọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìwé náà, orúkọ mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo ṣáájú, Bàrákàt tẹ̀ lé mi, Olútóyìn tẹ̀ lé e. A jókòó sípàdé lórí rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi bírò tọ́ka sí orúkọ méjèèjì, ó ní, "Àwọn wo nìyí?" Ìbéèrè lásán ni o, Màmá. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo ní, "Àwọn tó ń bá wa bu omi ni." Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ lo mọ̀ wọ́n, ìwọ ni kó o pinnu bóyá orúkọ wọn yẹ níbẹ̀." Èmi ló fi í sílẹ̀ fún. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo pa wọ́n rẹ́. Kò gbà mí ju kí n mí lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé. Ọdún kẹrin mi nìyí lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé. Ìwé méjì ni mo ti kọ tí wọ́n dá padà. Ní gbogbo ìpàdé ni wọ́n ń bi mí pé kí ni èmi gan-an rò, kí ni mo mú wá tó jẹ́ tèmi. Bí mo bá wá sọ pé ọmọ ọdún kejì kan ní Ìkòtún, tó ń fi ìgbákọ bu omi kòtò, ló rí ohun tí èmi ò rí pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tó yí mi ká, kí ló kù tí mo ṣe? Mo jowú rẹ̀, Màmá. Ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ kọ nìyẹn, òun ló jẹ́ kí lẹ́tà yìí pẹ́. Lọ́jọ́ tí mo pariwo lórí fóònù yẹn, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí i, mi ò sì lè sọ ohun tó ṣe mí.

Mo ro pé wọn ò ní rí i láéláé. Mo ní, ta ni wọ́n máa fi hàn? Ohun tí mo rò nìyẹn. Nípa àwọn ọmọ tí mo ní mo fẹ́ tọ́ sọ́nà.

Ẹ ṣe ohun tó bá tọ́ lójú yín.

Dámiláre.


Ìṣẹ̀rí-Olófin.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025.

Dámiláre,

Mi ò fi lẹ́tà tèmi ránṣẹ́. Ìwọ lo máa kọ ọ́.

Má ròyìn fún mi mọ́ pé ẹ̀rù bà ọ́. Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rù àwọn tó jókòó sórí àga ńlá, mo sì ti bẹ̀ ọ́ lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé o parọ́ mọ́ ọkùnrin yẹn lójú mi, mo sì ti ń bú u nínú àdúrà láti oṣù tó kọjá.

Sọ fún un lójúkojú ohun tí o sọ fún mi. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde. Má ṣe pè é ní àṣìṣe. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ kọ ọ́ pé "orúkọ méjì fò wá." Kò fò yín. O yọ ọ́ ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lé Bàrákàt dànù náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kì í ṣe lẹ́nu mi. Àǹtí Sìdíkátù ìyá rẹ̀ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì nínú ọjà Ìkòtún bóyá lóòótọ́ ni ọmọ òun jí iṣẹ́ rẹ. Lójú àwọn èèyàn ló ti bi mí. Mo ní, "Rárá, ọmọ tèmi ló jí tiẹ̀." Kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu mi tó ìyẹn rí.

Ìyá rẹ.


Glasgow.
Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà, 2025.

Màmá mi,

Mo kí yín. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ mi tán, kò jágbe. Ó kàn ní, "Ìbéèrè ni mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ó sì yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ì bá sàn kó jágbe. Iṣẹ́ tó kàn tó yẹ kí n darí, ó ti gbé e fún ẹlòmíràn. Mi ò bínú sí i.

Ìwé náà ti di títúnṣe láti àná. Bí ẹ bá ṣí i báyìí, ẹ óò rí orúkọ àwọn méjèèjì, ẹ óò sì rí àlàyé pé èmi ni mo yọ wọ́n tẹ́lẹ̀ láìtọ́, àti pé Bàrákàt ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà. Mo kọ̀wé sí ilé ìwádìí yẹn. Wọ́n fèsì pé àyè mẹ́rin náà ti kún, pé ó ká àwọn lára, àti pé kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa kọ̀wé sí i fúnra wọn.

Inú ń bí èmi náà, Màmá, mi ò ní parọ́. Láti oṣù Kẹta, ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá mo ń jẹun. Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Mo ṣì béèrè.

Mo fi lẹ́tà kan sí ìsàlẹ̀ èyí fún Bàrákàt. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ fún un. Mi ò sọ pé kó fèsì.

Dámiláre.


Ìṣẹ̀rí-Olófin.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje, 2025.

Dámiláre ọmọ mi,

Ṣé ò ń jẹun? Fèsì sí ìyẹn kó tó di nǹkan mìíràn. Bí o bá ti gbẹ bíi tìgbà tí o kọ́kọ́ débẹ̀, sọ fún mi. Inú mi kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ.

Mo rí orúkọ wọn. Olútóyìn fò sókè nínú pálọ̀ mi, ó sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀. Ti Bàrákàt kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo gbé lẹ́tà rẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Orí ìdúró ló ti kà á, iná wẹ́dà ń ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á tán, ó ká a, ó fi í sínú báàgì. Mo ní, "Kí lo rí sí i?"

Ó ní, "Mọ́mì, mo ti rí orúkọ mi. Ó ti pẹ́ jù."

Mo ní ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà yẹn, pé ó ti ọkàn rẹ wá. Ó ní òun mọ̀. Ó ní, "Ẹ má sọ fún wọn pé mo ti dárí jì wọ́n o. Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn yí fóònù sí mi, mo rò pé ojú mi ni ò ríran dáadáa. Mo ń wá orúkọ mi títí. Mi ò rò ó wò pé Àǹtí lè ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi ni mo dá lẹ́bi." Bàbá rẹ̀ pa iná, ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó ń gbọ́. Lọ́jọ́ yìí, òun ló gbé àga fún mi.

Ó ti kọ orúkọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀. Tanwíjí ni. Ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, èmi àti ẹ̀ la jọ lọ rí olùkọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe jókòó sí ọ́fíìsì yẹn, tìẹ ni mo ń rò. Ó yẹ kí n ti jókòó síbẹ̀ nítorí tìrẹ nígbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá béèrè yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ mi. Kò dá wá. Ọmọbìnrin mẹ́ta tó wà ní ọdún kìíní ló kó lẹ́yìn, ọ̀kan láti Ìgándó, méjì láti Ẹ̀gbẹ́dá. Họlidé yìí ló fẹ́ fi kọ́ wọn níṣẹ́. Mo ní kí wọ́n wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n. Kò tíì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ife kankan tó fi ní kí oníkálùkù kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́ sí i. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ilé ẹjọ́ ni. Bàrákàt ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní kó kọ ọ́.

Mo bi í pé ṣé kí ìwọ máa bá wọn sọ̀rọ̀ ní Sátidé bíi ti tẹ́lẹ̀, torí òótọ́ ibẹ̀ ni pé o mọ iṣẹ́ yẹn, o sì mọ̀ ọ́n kọ́ èèyàn. Mo rò pé ó máa gbà.

Ó ní, "Rárá, Mọ́mì. Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí Dámiláre pé kí wọ́n má bi yín ní ohun tí a bá rí nínú yàrá yìí. Tó bá jáde, kí wọ́n kà á nígbà tí gbogbo ayé bá ń kà á."

Mo bi í pé ṣé kí n rọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ kí n tó kọ ọ́ sí ọ. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́.

Mo ti kọ ọ́.

Ìyá rẹ.